Ọjọ́ Ajé Tí Mo Kọ Sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, èmi náà máa ń kà á. Mo máa ń ka ìtàn àwọn obìnrin tó ṣìwà hù, màá mirí, màá ní, "Èyí ò lè ṣẹlẹ̀ sí èmi láé, mo ní Ọlọ́run." Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Kì í ṣe ọkùnrin ló fà á, kì í ṣe ọtí. Fáìlì búlúù kan ni, àti ìlà kan ṣoṣo tí mo fi bírò kọ.

Mi ò kàwé jìnnà. Ibi tí mo kà á dé ni bàbá mi kú. Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé fáìlì kiri ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sì sí ẹni tó bi mí rí pé, "Ṣé òótọ́ lo kọ yìí?"

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé olórí ilé nìkan ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kan wà tó ń bójú tó ilé náà fúnra rẹ̀: ta ni wọ́n máa gbà síṣẹ́, ta ni wọ́n máa dá dúró, òrùlé tó ń jò, àga tó ti ṣẹ́. Olórí ilé ni alága wọn. Mẹ́rin ń wá láti inú ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù, méjì láti inú ẹgbẹ́ tó kéré. Akọ̀wé àgbà ló ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Bí wọn ò bá tíì pé márùn-ún, wọn ò lè jókòó.

Nígbà tí àyè ìpàdé ò bá sí, fáìlì ni wọ́n fi ń ṣe é. Olúkúlùkù á gba fáìlì búlúù tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ méjì gbáko ló ní láti fèsì. Bí ẹnì kan péré bá kọ "Mi ò gbà", àfi kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n sì pe àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn láti wá sọ tẹnu wọn. Ẹni tó bá dákẹ́ títí ọjọ́ méjì fi pé, wọ́n kà á sí pé ó gbà.

Ta wá ni yóò sọ ìgbà tí ọjọ́ méjì bẹ̀rẹ̀? Èmi ni. Ìwé ìfijíṣẹ́ tó wà lábíyá mi ni.

Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ níbi iṣẹ́ náà ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Òun ni olórí àwọn agbálẹ̀, obìnrin mẹ́rìnlá. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé náà ló wà nídìí rẹ̀, ẹ ó ti gbọ́ ṣaworo rẹ̀ lọ́nà kẹ́ ẹ tó rí i. Bó bá di ọ̀sán, àwa méjèèjì máa ń wọ yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí, ká kúnlẹ̀ gbàdúrà díẹ̀. Ó máa ń gbàdúrà fún ọmọ mi obìnrin ju bí mo ṣe ń gbà á fúnra mi lọ.

"Olúwa, ọmọ yẹn ti jókòó tó nílé. Ọdún kẹta rèé. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i, kí ìyá ẹ̀ lè jẹ́ kí n gbádùn."

Màá sì rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ẹtì kan, akọ̀wé àgbà fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ kan kí n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn àwọn yàrá òkè ní ilé àtijọ́. Ìkán ti ń jẹ pákó òrùlé níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fín oògùn sí i. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo lẹ̀ ẹ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ṣẹlotéèpù náà kó lè mọ́ra dáadáa, mo bá tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn mi.

Nínú àwọn méje yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ní yàrá níbẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì ni, obìnrin ẹgbẹ́ kékeré tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún gbọọrọ kó tó gbégbá ìbò. Ẹnu rẹ̀ mú. Wọ́n ní yàrá ibẹ̀ ni wọ́n fún un kí etí wọn lè sinmi.

Ní Ọjọ́ Ajé, igbákejì akọ̀wé àgbà fún mi ní fáìlì búlúù mẹ́fà. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ la máa ń pè é, nítorí kì í gbé ohùn sókè, kódà bó bá ń bá èèyàn jà. Mo fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jíṣẹ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mi ò béèrè ìkeje.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ìyá, ẹ jókòó."

Látọdún tí mo ti wà níbẹ̀, kò fi àga lọ̀ mí rí. Mo jókòó sí etí rẹ̀.

"Ọmọ yín obìnrin ńkọ́?"

"Ó wà nílé, sà."

"Ó mà ṣe o. Ọmọ tó kàwé." Ó fa ìwé kan súnmọ́ra. "Ìgbìmọ̀ máa tó gba àwọn èèyàn sí ilé ìkàwé wa. Èmi ni mo ń to orúkọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀?"

Mo pe orúkọ ọmọ mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́. Mo rí i pé pẹ́ńsù ni. Kò jọ mí lójú nígbà yẹn.

"Ó ku nǹkan kékeré kan." Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ fáìlì búlúù kan síta. "Ti Màmá Nọ́ọ̀sì rèé. Ó yẹ kó ti lọ láti Ọjọ́ Ajé, mo gbàgbé ẹ̀ síbí."

"Màá gbé e lọ báyìí, sà."

"Ẹ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ajé lẹ máa kọ."

Mo wojú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Sà, òní l'Ọjọ́rú."

"Mo mọ̀ pé Ọjọ́rú ni, Ìyá. Ta ló fẹ́ pa yín lẹ́kún? Mẹ́fà tó kù ti gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù tí sáà ilé yìí fi máa parí, gbogbo èèyàn ti ń sáré ìbò kiri. Tí obìnrin yẹn bá ní òun ò gbà, ó di ìpàdé. Ta ló máa rí èèyàn márùn-ún kó jọ? Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wa lọ sinmi."

Mo gbé fáìlì náà jáde. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n kọ àkọlé sí ẹ̀yìn rẹ̀: Ètò Tuntun Lórí Ìmọ́tótó àti Kọ́kọ́rọ́ Ilé.

Mo ka "kọ́kọ́rọ́" lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n mi ò ṣí i. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe iṣẹ́ mi láti tú fáìlì àwọn ọlọ́lá. Òótọ́ sì ni. Ẹ̀yìn òótọ́ yẹn ni mo sá pamọ́ sí.

Mo tiẹ̀ gbàdúrà, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Olúwa, tí kì í bá ṣe ìfẹ́ rẹ, má jẹ́ kí bírò yìí kọ."

Bírò náà kọ. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀, mo fi í lélẹ̀ ní yàrá rẹ̀. Mo sì buwọ́ lù ú.

Yàrá Màmá Nọ́ọ̀sì wà ní títì. Kò tíì dé. Ta ló máa ṣí i fún mi? Ìyá Kọ́kọ́rọ́ náà ni. Ó gun òkè wá, ó ń mí hẹlẹ, kọ́kọ́rọ́ ń dún nídìí rẹ̀.

"Òórùn oògùn yìí á pa èèyàn kó tó pa ìkán," ló wí. "Kí lo fẹ́ gbé síbẹ̀?"

"Fáìlì lásán ni."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe: ọjọ́, aago, yàrá, ẹni tó fẹ́ wọlé. Mi ò wo ohun tó kọ. Mo ki fáìlì náà bọ abẹ́ ìwé ìròyìn tó wà lórí tábìlì, mo jáde. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kọ́ mi lápá, a jọ sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ló ṣílẹ̀kùn fún nǹkan tó máa lé e lọ. Èmi ni mo ní kó ṣí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì rí fáìlì náà. Ó kọ "Mi ò gbà" gàdàgbà gàdàgbà, ó gbé e wá fúnra rẹ̀. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ọjọ́ méjì ti pé láti ìrọ̀lẹ́ àná, ìdákẹ́ rẹ̀ ti di ìfọwọ́sí, wọ́n sì ti buwọ́ lu ìwé àdéhùn.

"Ọjọ́ méjì láti ìgbà wo?" ló béèrè.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ nawọ́ sí mi. Mo ṣí ìwé mi hàn án. Ó kà á, ó bojú wò mí. Mo wo bàtà mi.

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wá bá mi pẹ̀lú lẹ́tà kan.

"Bá mi kà á, jàre. Ojú mi ò ríran sí ìwé wẹ́wẹ́ yìí."

Mo kà á sókè. Ilé-iṣẹ́ kan láti ìta ló máa gba ìmọ́tótó àti kọ́kọ́rọ́ ilé láti ìparí oṣù. Kí àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá kó ẹrù wọn. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà."

"'Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ló fara mọ́ ìpinnu yìí.'"

"Gbogbo wọn? Màmá Nọ́ọ̀sì náà? Obìnrin yẹn tó máa ń bi mí léèrè eékún mi?" Ó gba lẹ́tà náà, ó ká a ní mẹ́rin. "Wọn ò tiẹ̀ pè wá kí wọ́n bi wá ní nǹkan kan."

Tí mo bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn ńkọ́? Mo bi ara mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí orúkọ ọmọ mi lórí tábìlì ọ̀gá. Mo ní, "Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn." Ó ní, "Àmín." Ọkàn mi gbọgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àṣírí ṣe tú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri ọ́fíìsì wa tí a fi ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá ń sọ nínú gbọ̀ngàn. Ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe ọba. Aṣòfin èyíkéyìí lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì ti yan ẹnì kan nínú àwọn méje láti máa dìde dáhùn lójú gbogbo ilé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ilé tú ká nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá Nọ́ọ̀sì láti inú ẹ̀rọ náà.

Ó ní kí alágbàsọ ìgbìmọ̀ sọ ọjọ́ tí fáìlì dé ọ̀dọ̀ òun.

Alágbàsọ ka ìlà tí mo kọ jáde bí ó ṣe wà. "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n fi í lélẹ̀ ní yàrá ọlọ́lá. Ìránṣẹ́ ilé buwọ́ lù ú. Obìnrin tó ṣeé gbọ́kàn lé ni, ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé."

"Yàrá mi wo?"

"Yàrá tẹ́ ẹ ní, màmá. Ṣé ẹ ní méjì ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀kan náà ni mo ní. Èyí tí wọ́n lẹ ìwé yìí mọ́." Mo gbọ́ bí bébà ṣe ń dún. "Ìkìlọ̀ rèé látọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ yín kan náà. Oògùn ìkán. Kí ẹnikẹ́ni má wọlé ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣẹlotéèpù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àbí ìkán ló gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ẹ̀rín tó sọ gbọ̀n ẹ̀rọ náà lára ògiri. Àwọn tí a jọ wà ní ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó tẹ ṣẹlotéèpù yẹn mọ́ ilẹ̀kùn.

Olórí ilé yan ọlọ́lá mẹ́ta tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ náà láti wádìí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè wá sí yàrá kékeré kan: èmi, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ìwé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Àgbà inú wọn kọ́kọ́ bi í. "Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣí yàrá yẹn ní Ọjọ́ Ajé?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ò ṣí ìwé náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó lórí itan rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Sà, ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀rẹ́ mi."

Àánú mi ló ṣe é, ẹ gbọ́ mi yé. Ó ti mọ̀. Láti àná tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìkán lórí ẹ̀rọ ló ti lọ wo ìwé rẹ̀. Ó fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kó má bàa jẹ́ pé òun ló sọ mí síta.

Wọ́n bi mí.

Mo ní, "Mi ò rántí dáadáa, sà."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ mí kanlẹ̀. Ó ṣí ìwé náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó fi ìka sí ìlà kan. Òun ò kàwé tó mi, ṣùgbọ́n ohun tó kọ hàn kedere. Ọjọ́ Ajé: òfìfo. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: òfìfo. Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀: yàrá Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹni tó wọlé: ọ̀rẹ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́. Kì í kọ orúkọ mi. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, "ọ̀rẹ́ mi" ló ń kọ.

Mo wólẹ̀ lórí eékún mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Kò gbóhùn sókè.

"Ìyá, ìwé wo ni mo kọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnu lẹ fi sọ ọ́, sà. Ẹ kọ orúkọ ọmọ mi sílẹ̀."

"Sínú kí ni?"

Wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò. Pẹ́ńsù ti parẹ́, bí ẹni pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀ rí.

Àwọn mẹ́ta náà sọ òdodo o. Wọ́n kọ ọ́ pé ìpinnu náà ò fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ìgbìmọ̀ pe ìpàdé, kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn agbálẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bóyá Ọlọ́run ti dá sí i.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi ìpàdé sí. Ilé máa tú ká ní Ọjọ́ Ẹtì. Akọ̀wé àgbà ní kí èmi náà ṣì to yàrá ìpàdé, nítorí kò sí ẹlòmíràn. Mo gbé ife omi méje sórí tábìlì. Àwọn agbálẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dára jù lọ. Ọ̀kan nínú wọn ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọ́ ohun tó fẹ́ sọ sórí.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dé. Olórí ilé wọlé tẹ̀ lé e. Ó ṣe díẹ̀, ẹnì kan tún wọlé. Ó ku méjì kí wọ́n pé márùn-ún.

Akọ̀wé àgbà ń tẹ fóònù. Méjì wà lójú ọ̀nà ìpolongo ìbò. Ẹ̀kẹta ò gbé e. Ẹ̀kẹrin ní òun ń bọ̀. A dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Kò wá.

"Màmá, a ò pé," ni olórí ilé wí. "Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́, mi ò lè ṣí ìpàdé."

"Èwo ni ti àwọn obìnrin tó wà níta yìí?"

"Ìgbìmọ̀ tuntun á gbọ́ ọ."

"Nígbà wo?"

Ó gbé èjìká. Lẹ́yìn ìbò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá búra fún ilé tuntun, tí wọ́n yan olórí ilé tuntun, tí ẹgbẹ́ méjèèjì sì fi orúkọ ránṣẹ́. Bóyá oṣù mẹ́rin. Bóyá mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ ìta yẹn ti ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ní tiwọn, ìgbìmọ̀ nìkan ló sì lè fagi lé e. Ìgbìmọ̀ ò ní sí mọ́ ní ọ̀la.

Mo jáde lọ sọ fún àwọn obìnrin náà. Èyí tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sórí bi mí pé, "Ta la fẹ́ wá lọ sọ ọ́ fún báyìí?" Mo padà wọlé, mo da omi inú ife mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò fẹnu kàn nù.

Èmi fúnra mi ńkọ́? Ìgbìmọ̀ yẹn kan náà ló lè lé mi, òun náà ló lè dárí jì mí. Nítorí náà, wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n lọ máa retí nílé. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ṣì wà lórí àga rẹ̀. Orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà sí ilé ìkàwé ò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan, torí kò sí ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Nígbà tí ọmọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Mọ́mì, mo bẹ̀ yín ni?" Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kò tún mẹ́nu bà á mọ́. Mo ń gbàdúrà. Mi ò mọ ohun tí mo lè máa bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, tí nǹkan kékeré bá wà níkàáwọ́ yín tí gbogbo èèyàn gbà gbọ́, bó jẹ́ ìlà kan nínú ìwé, ẹ má ṣe fi ṣàánú ọmọ yín. Ẹ ò mọ ẹni tó jókòó sí òdìkejì rẹ̀.

Ọjọ́ ìparí oṣù ni wọ́n ní kí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ọjọ́ tèmi náà tó kẹ́yìn ni. Èmi ni wọ́n ní kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìfijíṣẹ́ mi.

Ó tú u nídìí, ó gbé gbogbo rẹ̀ ka iwájú mi. Mo kà wọ́n. Wọ́n pé. Ìdí rẹ̀ dákẹ́. Mi ò tíì rí i kó rìn láìdún rí.

Mo ṣí bírò. Mo fẹ́ sọ pé kó dárí jì mí, àmọ́ ìlà òfìfo tó wà nínú ìwé ni mo tẹjú mọ́.

Ó dúró tì mí títí. Ó wá fi ìka kan ìlà òfìfo náà, bó ṣe fi kan tirẹ̀ lọ́jọ́sí.

"Kọ ọjọ́ tòní," ló wí. "Òní ni mo kó o wá."

Mo kọ ọ́. Ó dúró kà á fúnra rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, kó tó lọ.